Ògiri funfun yẹn ló ń ba fọ́tò rẹ jẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo wà. Mo ní yàrá kan tí mo fi ṣe studio, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 12 ní ìbú, ògiri rẹ̀ funfun. Kámẹ́rà APS-C (èyí tí awo tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ kéré díẹ̀) ni mò ń lò, mo ní lẹ́ńsì 50mm àti 18-55 tó bá kámẹ́rà wá, speedlight kan (fíláàṣì kékeré oníbátìrì), agboòrùn funfun kan tí wọ́n fi ń rọ ìmọ́lẹ̀, àti ring light, iná róbótó yẹn. Arábìnrin kan tó ń jó bàtá ti gbà kí n ya òun, odindi ara, kó rí bí ère tí wọ́n gbẹ́. Gbogbo èyí tí mo ti yà láti fi dánra wò ló ń jáde pẹlẹbẹ. Irú iná wo ni kí n rà kún un? Kí ni mo lè fi lé e lọ́wọ́ tàbí kí n gbé síwájú rẹ̀ kí fọ́tò náà lè ní ìtumọ̀? Ẹnì kan tún ní kí n ra ẹ̀rọ èéfín. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ náà. Má tíì ra iná kankan. Àìtó iná kọ́ ló ń dà ọ́ láàmú, iná ló pọ̀ jù nínú yàrá yẹn.

Wo bó ṣe rí. O gbé speedlight sórí sítáńdì, o ṣí agboòrùn funfun síwájú rẹ̀, o yà á. Apá kan ìmọ́lẹ̀ gba inú aṣọ agboòrùn kọjá lọ bá oníjó. Apá kan ta padà, ó lọ lu ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ. Ti ògiri ta sí àjà, ti àjà ta sí ògiri kejì, gbogbo rẹ̀ wá ya bo arábìnrin náà lọ́tùn-ún, lósì, lókè àti níwájú. Ibi tó yẹ kí òjìji jókòó sí, lábẹ́ èjìká, láàárín egungun ìhà, ní kòtò ẹ̀yìn orúnkún, ìmọ́lẹ̀ ti débẹ̀ kó o tó débẹ̀. Òjìji ló sì ń sọ fún ojú pé ibí yìí yọ, ibí yìí wọnú. Tí kò bá ti sí, ara èèyàn di bébà. Ring light burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún irú iṣẹ́ yìí, torí pé etí lẹ́ńsì gan-an ló ti ń tàn, gbogbo òjìji ló ń sá sẹ́yìn ẹni tí à ń yà. Ó dáa fún àwọn tó ń ta ìpara lórí Instagram. Pa á, kó o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, aṣọ dúdú ni ọjà àkọ́kọ́ rẹ. Bí owó bá wà, ra àrán, torí pé irun ara rẹ̀ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Bí owó ò bá tó, aṣọ dúdú èyíkéyìí tó nípọn tí kì í dán á ṣe é. Sátíìnì dúdú ò wúlò níbí o, gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ ló máa yọ ní ìlà funfun funfun. Fi aṣọ náà bo ògiri ẹ̀yìn, kó o tún ta á sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì oníjó, kó sún mọ́ ọn débi tí kò ti ní wọ inú fọ́tò. Èyí tó wà ní òdìkejì iná ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo wọn, òun ló máa dá ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà dúró kí ẹ̀gbẹ́ yẹn lè ṣókùnkùn. Bí kò bá sí ibi tí o lè so okùn mọ́, wá fóòmù funfun fífẹ̀ méjì, kun ojú kan rẹ̀ dúdú, kó o fi ojú kejì sílẹ̀ ní funfun. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ kí òjìji rọ̀ díẹ̀, wàá kàn yí i padà ni. Ọ̀dà ẹ́múṣọ̀n ni kó o fi kùn ún. Ọ̀dà inú agolo tí wọ́n ń fọ́n máa jẹ fóòmù yẹn mọ́ ọ lójú.

Kó o tó pe oníjó, dán yàrá náà wò. Gbé kámẹ́rà sí M, níbi tí ìwọ fúnra rẹ ti ń yan gbogbo rẹ̀: ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó), shutter 1/160 (bí ojú rẹ̀ ṣe ń yára ṣí kó sì pa), f/8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó). Pa fíláàṣì, kó o ya fọ́tò kan. Ó gbọ́dọ̀ dúdú birimù. Bí o bá rí ohunkóhun nínú rẹ̀, iná àjà tàbí oòrùn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì wọlé ló ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án, wá a rí kó o dí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàá wá tan fíláàṣì. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá wà nínú fọ́tò, ìwọ lo gbé e síbẹ̀, o sì lè gbé e kúrò.

Ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì, ká tètè sọ ọ́ kúrò nílẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 12 kò pé mítà 3.7. Bí o bá fẹ́ kí oníjó wọlé láti orí dé ẹsẹ̀, kí àyè sì ṣẹ́ kù díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, lẹ́ńsì 50mm lórí kámẹ́rà APS-C á ní kó o dúró ní nǹkan bíi mítà 4.7 sí i. Yàrá rẹ ò gba ìyẹn, àfi kó o ṣílẹ̀kùn kó o máa yà láti ọ̀ọ̀dẹ̀, bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Lo 18-55 rẹ ní ìwọ̀n 30mm. Bíi mítà 2.8 á tó ọ. Ẹ̀yìn rẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n á ṣe é. Gbé kámẹ́rà sí ọ̀gangan ìdodo rẹ̀, má yà á láti òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kúrú. Ní irú ìtòsí bẹ́ẹ̀, apá tó bá nà sọ́dọ̀ rẹ á tóbi ju orí lọ, nítorí náà ọ̀tún àti òsì ni kó máa na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sí. Fi 50mm pa mọ́ de ìgbà tó bá lóṣòó tàbí tó ká ara jọ, á wọlé dáadáa nígbà náà.

Níbo wá ni kí iná wà? Mi ò ní fi àwòrán ìlà àti ọfà dá ọ lóhùn. Lọ gbé ère kan sórí àpótí lálẹ́. Bí kò bá sí ère nílé, kòkò amọ̀ tó ní ọrùn, tàbí ọmọ odó pàápàá, á ṣe é. Pa gbogbo iná, kó o tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ. Kọ́kọ́ tàn án láti iwájú, ní ọ̀gangan ojú ara rẹ. Wàá rí ère, wàá dá a mọ̀, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ á ti wọlé sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wá máa gbé tọ́ọ̀ṣì náà lọ sí ọ̀tún díẹ̀díẹ̀. Ojú ìlà tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti ń pàdé ni kó o máa wò, má wo ibi tó mọ́lẹ̀. Ìlà yẹn á kọ́kọ́ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, á sọ̀ kalẹ̀ sí àgbọ̀n, á gba àárín àyà, á wá jókòó sórí ikùn. Nígbà tí tọ́ọ̀ṣì bá dé ẹ̀gbẹ́ gan-an tó tún fi díẹ̀ lọ sẹ́yìn, ojú ọ̀bẹ tí agbẹ́gilére fi gé igi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni iná rẹ máa wà fún ara oníjó: ẹ̀gbẹ́, kó fi díẹ̀ wà lẹ́yìn, kó ga ju orí rẹ̀ lọ díẹ̀. Má tíì pa tọ́ọ̀ṣì náà. Gbé bébà funfun kan síwájú rẹ̀, kó fi ìwọ̀n ọwọ́ kan jìnnà sí i. Ìlà tó mú ṣáṣá tẹ́lẹ̀ á rọ̀, á fẹ̀. Bí iná bá ṣe tóbi tó lójú ẹni tí à ń yà, tó sì sún mọ́ ọn tó, bẹ́ẹ̀ ni ìlà yẹn ṣe máa rọ̀ tó. Ohun tí gbogbo softbox (àpótí aṣọ tí wọ́n ń fi bo iwájú iná) àti agboòrùn ayé yìí ń ṣe kò ju ìyẹn lọ.

Má rò pé àwọn bàbá wa tó ń ya fọ́tò láyé ijọ́un ò mọ iná o. Àgbàlagbà jókòó sórí àga, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ó kọjú sí kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀ bo gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n yà á nìyẹn, kí ilà ojú hàn, kí aṣọ hàn, kí ọmọ ọmọ lè dá a mọ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìwọ ń ya ìrísí ara àti ìṣípòpadà rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Agboòrùn funfun yẹn ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká jù. Bí o bá máa ra ohun kan lẹ́yìn aṣọ, ra strip softbox, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn, bíi sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìbú, 120 ní gígùn, kó ní grid tirẹ̀, ìyẹn aṣọ onihò tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fọ́n ká. Ó gùn tó láti tan ìmọ́lẹ̀ sí ara èèyàn, kò sì ní máa da ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí o ò rán an. Gbé e sí ìwọ̀n mítà kan sí oníjó. Nígbà tí o bá gbé e débẹ̀, má kọjú rẹ̀ sí i gan-an. Yí i díẹ̀ kó máa wo iwájú ibi tó dúró sí, kó jẹ́ pé etí ìmọ́lẹ̀ ló ń kàn án lára. Fọ́tò àkọ́kọ́ tí o bá yà lẹ́yìn tí o yí i báyìí á yà ọ́ lẹ́nu.

Nípa ibi tí iná jìnnà dé, ìṣirò kan wà tí kò yí padà: bí ohun kan bá fi ìlọ́po 2 jìnnà sí iná, ìdá kan nínú 4 ìmọ́lẹ̀ ló máa kàn án, bó bá jẹ́ ìlọ́po 3, ìdá kan nínú 9. Nínú studio ńlá, wọ́n máa ń gbé iná sún mọ́ ara, wọ́n á jẹ́ kí ògiri ẹ̀yìn jìnnà, ògiri funfun á sì di eérú tàbí dúdú fúnra rẹ̀. Ìwọ ò ní àyè yẹn, ẹ̀yìn oníjó ò ní ju ẹsẹ̀ bàtà 2 sí ògiri lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o ra àrán.

Iná kejì ńkọ́? Dígí. Gbé dígí ilé ìwẹ̀ kan sílẹ̀ ní òdìkejì softbox, lẹ́yìn oníjó díẹ̀, kó dà sókè. Ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá lọ sódì á lù ú, á padà wá fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí etí apá àti itan tó wà nínú òkùnkùn, kí ara náà má bàa rì sínú aṣọ dúdú. Ojú igun tí ìmọ́lẹ̀ fi wọlé ló máa fi jáde, torí náà máa rọra yí i, kí ẹnì kan dúró síbi tí oníjó máa dúró kó sì máa sọ fún ọ ìgbà tó bá rí softbox nínú dígí. Ìgbà yẹn ló bá a mu.

Àwọ̀ ara dúdú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ onífọ́tò á gbé ìmọ́lẹ̀ sókè kí ara lè "mọ́", ara á wá dà bí eérú. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrísí ara dúdú ń hàn nípa dídán rẹ̀, ibi tí iná ti ń tàn padà láti orí awọ. Fi òróró àgbọn díẹ̀ pa á, kó tẹ́ẹ́rẹ́, kó má kán. Èjìká, ẹ̀yìn, apá, itan, ojúgun. Nu iwájú orí àti imú. Softbox gígùn yẹn á wá yọ ní ìlà funfun rírọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, ìlà yẹn á sì tẹ̀ lé gbogbo ibi tí iṣan bá ti yọ tàbí tó wọlé. Bí o bá fẹ́ kó dà bí òógùn, da glycerin díẹ̀ mọ́ omi nínú ike tí wọ́n ń fọ́n. Omi lásán máa ń tètè gbẹ, glycerin kì í jẹ́ kó lọ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí òróró kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ o. Oníjó bàtá tó bá yọ̀ ṣubú lórí táìsì studio rẹ, fọ́tò ti parí nìyẹn.

Nígbà tí o bá ń wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, má jẹ́ kí histogram, àwòrán kékeré tó ń fi ìwọ̀n òkùnkùn hàn lósì àti ti ìmọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún, dẹ́rù bà ọ́. Nínú fọ́tò tí ìdá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ aṣọ dúdú, òsì ni òkè rẹ̀ máa wà. Ibi tí òróró ti ń dán nìkan ni kó o máa ṣọ́, kó má fọ́ di funfun pátápátá.

Ó kan àwọn ohun tí o fẹ́ fi lé e lọ́wọ́ báyìí, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ bá ọ jiyàn díẹ̀. O ní kí fọ́tò "lè ní ìtumọ̀". Òdòdó oníke, ìyẹ́ áńgẹ́lì, àga ọba tí wọ́n fi wúrà irọ́ kùn: gbogbo studio ló ní wọn, wọn ò sì tíì fún fọ́tò kankan ní ìtumọ̀ tí mo mọ̀. Èmi ní ìbéèrè kan tí mo máa ń bi ohunkóhun tó bá fẹ́ wọlé: ṣé o máa yí ìdúró ara yìí padà? Bí oníjó bá gbé e dání tí èjìká rẹ̀ ò yí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ò tẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ ò na, gbé e jáde.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ohun tó wúwo dára ju ohun tó lẹ́wà lọ. Fún un ní odó, odó gidi. Wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá gbé e sókè díẹ̀ nílẹ̀: ẹsẹ̀ á yà, ìdí á lọ sẹ́yìn, iṣan apá á yọ, ọrùn á le. O ò ní láti kọ́ ọ ní ìdúró kankan. Àpótí ìjókòó náà dára, kó jẹ́ oríṣi gíga méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù kan tàbí méjì. Fi aṣọ dúdú kan náà bò wọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì dà bí ẹni pé kò tẹ ohunkóhun. Àkàbà onípákó tún wà, èyí tí àwọn kápẹ́ńtà ń lò, kò sí bí èèyàn ṣe máa gùn ún tí ìbàdí rẹ̀ ò ní fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Aṣọ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, Abẹ́òkúta lo sì wà, ìwọ àti Ìtòkú, ọjà àdìrẹ yẹn, kò jìnnà síra. Aṣọ òkè nípọn, bó o bá ká a jọ ó máa ń dúró bó o ṣe ká a, igun rẹ̀ á sì gba iná dáadáa. Aṣọ tó fẹ́lẹ́ gan-an nílò fáànù nísàlẹ̀ kó tó lè fò. Aṣọ tó ń fà bíi ti ẹlẹ́rẹ̀ẹ́ ìdárayá: kí ẹni méjì fà á le dan-in láàárín wọn, kí oníjó fi ara tì í láti ẹ̀yìn, kí iná wá láti ẹ̀gbẹ́ pátápátá. Ọwọ́, ojú, orúnkún á yọ lára aṣọ bí ẹni pé wọ́n gbẹ́ wọn sí i. Ní ti àdìrẹ, ó dára gidi lábẹ́ iná ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n àdìrẹ ẹlẹ́lùú tuntun máa ń ṣí àwọ̀ sára, àgàgà sára tó ní òróró. Wàá kàn rí itan aláró nínú fọ́tò ni. Fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta ṣáájú, tàbí kó o ya gbogbo ti àdìrẹ kó o tó ṣí ìgò òróró.

Àwọn ohun kan wà tó jẹ́ pé iwájú iná ni ipò wọn, kì í ṣe ọwọ́ oníjó. Ajere jẹ́ ọ̀kan. Yọ softbox kúrò, jẹ́ kí speedlight wà ní ìhòòhò, gbé e jìnnà débi tí yàrá bá gbà, kó o gbé ajere sí àárín. Ojú ihò rẹ̀ á kán tótòtó sí ẹ̀yìn oníjó, wọn á sì tẹ̀ níbi tí ẹ̀yìn bá ti tẹ̀. Bí ajere bá sún mọ́ ara, ojú ihò á mú, á kéré. Bó bá sún mọ́ iná, á tóbi, á sì rú. Asẹ́ náà ń ṣe é, apẹ̀rẹ̀ ń ṣe é, imọ̀ ọ̀pẹ ń ṣe é. Bí fèrèsé rẹ bá jẹ́ lúfà, oòrùn nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́ á fún ọ ní ìlà ìlà lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá jẹ́ ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí.

Bí o bá fẹ́ wo ẹni tó mọ bí a ṣe ń lo ohun èlò, wo iṣẹ́ Seydou Keïta ní Bamako, olú ìlú Mali. Ọdún 1948 ló ṣí studio rẹ̀. Àgbàlá ló ti sábà máa ń yà, oòrùn ni iná rẹ̀, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ ló sì kọ́kọ́ fi ṣe aṣọ ẹ̀yìn. Ó ní rédíò, aago ọwọ́, gègé, tó máa ń yá àwọn èèyàn. Wo ọwọ́ ẹni tó gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú fọ́tò rẹ̀, wàá rí i pé rédíò yẹn ló sọ ibi tí ìgúnpá máa wà. Èkejì ni Rotimi Fani-Kayode, ọmọ wa ni. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1955, ará Ifẹ̀ ni wọ́n, ìdílé wọn kó lọ sí England ní 1966, London ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ kó tó kú ní 1989. Ara ọkùnrin adúláwọ̀ ló ń yà ní studio, pẹ̀lú ìbòjú, ìyẹ́, èso, àwọ̀ tí wọ́n kán sára, àbẹ́là. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa gba fọ́tò rẹ̀ láyè nílé, mo mọ̀. Àmọ́ ka iye ohun tó wà nínú ẹyọ fọ́tò kan, wọn ò sábà ju ọ̀kan tàbí méjì lọ, gbogbo wọn ló sì ń bá ara tó gbé wọn ṣiṣẹ́. Bí o bá fẹ́ fi ẹfun tàbí osùn kun ara oníjó rẹ, bi í léèrè ná, bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ pẹ̀lú bó bá jẹ́ ìdílé àyàn tàbí ìdílé Ṣàngó ló ti wá. Àwọn ilà kan wà tí wọn kì í kàn kùn fún ẹwà.

Bó ṣe jẹ́ bàtá ló ń jó, má ní kó dúró sójú kan kó máa ṣe bí ère. Orúnkún títẹ̀, àyà tó dà síwájú, èjìká tó ń já: inú ijó ni wọ́n ti ń wá, o ò lè fi ẹnu pè wọ́n jáde. Fi ìlù sí fóònù, kó jó ẹsẹ̀ kan náà léraléra lójú kan, kó o máa gbọ́ ibi tí ìlù ti ń já, ibẹ̀ ni kó o tẹ kámẹ́rà. Dín agbára speedlight rẹ kù sí 1/16. Àkókò tí fíláàṣì fi ń tàn á kúrú gan-an nígbà náà, kò ní tó ìdá kan nínú 2,000 ìṣẹ́jú-àáyá, ọwọ́ tó ń fò á dá dúró nínú fọ́tò láìrú. Ìmọ́lẹ̀ á dín kù o, ìwọ náà á wá sún f/8 sí f/5.6 tàbí kó o gbé ISO sí 400. Bátìrì rẹ á pẹ́, fíláàṣì á sì tètè ṣetán fún èyí tó kàn. Ní ilẹ̀ wa tí iná ìjọba máa ń lọ láàárín iṣẹ́, mo tiẹ̀ fẹ́ràn iná oníbátìrì ju LED ńlá tó ń béèrè jẹnẹrétọ̀ lọ.

Nípa arábìnrin náà fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú: ohun tó máa wọ̀, ibi tí fọ́tò máa hàn, ibi tí kò gbọ́dọ̀ hàn. Sọ fún un kó mú ẹnì kan tó fọkàn tán dání. Aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ara, tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti awọ ara rẹ̀ mu, ti tó fún gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, iná ẹ̀gbẹ́ ò nílò ìhòòhò kó tó fi ìrísí hàn. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan án láti tún ìdúró rẹ̀ ṣe. Fi ara tìrẹ ṣe àpẹẹrẹ fún un, kódà bó bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rọ èéfín ńkọ́? Nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12, rárá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á kún gbogbo ibẹ̀, á máa gba ìmọ́lẹ̀ fọ́nká, òjìji tí o ti fi aṣọ dúdú rà padà á tún lọ. Bí o bá fẹ́ ohun tó ń fò nínú afẹ́fẹ́, fúláwà ìkúnwọ́ kan tó. Iná gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, torí pé iwájú aṣọ dúdú, iná tó wá láti ẹ̀yìn ló ń jẹ́ kí eruku fúláwà hàn dáadáa. Má jẹ́ kí àbẹ́là tàbí iná kankan tó ń jó wà nínú yàrá nígbà náà, fúláwà tó wà nínú afẹ́fẹ́ máa ń gbiná. Fi nílọ́ọ̀nù wé kámẹ́rà àti lẹ́ńsì, kí ojú lẹ́ńsì nìkan yọ. Kí oníjó di ẹ̀mí mú bó bá ti dà á sókè. Kí ó sì jẹ́ ohun tí ẹ máa yà gbẹ̀yìn lọ́jọ́ náà, torí pé bí fúláwà bá ti bá òróró pàdé lára èèyàn, ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn àti omi gbígbóná lẹ máa fi yanjú rẹ̀.